Otútù Nínú Pijó Bàbá Jael

Súrùlérè, Lagos
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, ọdún 1996

Jael, ọmọ mi,

Láti inú ooru ni mo ti ń kí ọ sínú òjò dídì. Túbọ̀sún, ọmọ ìjọ wa tó wá sílé ní Kérésì, sọ fún mi pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí nídìí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Birmingham. Mo bá ọ yọ̀. Ó dùn mí díẹ̀ pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ìyẹn dìjà. Ó pẹ́ tí o ti kọ̀wé sí mi gbẹ̀yìn, mo sì mọ ohun tí mo ṣe tí o kò fi kọ.

Ọ̀rọ̀ màmá rẹ ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó ṣubú ní Ọ̀yìngbò níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e lọ rí dókítà ní Ìdí-Àràbà. Àwọn èrò ló gbé e sábẹ́ ibòòji. Hilda, àbúrò rẹ̀ tó ń bá gbé ní Èbúté Mẹ́ta, kò fẹ́ kí n gbọ́, àmọ́ mo gbọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé kò gbọdọ̀ máa jókòó nínú ooru àti èéfín mọ́. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá kó má lọ fún ìtọ́jú. Ta ni yóò máa gbé e lọ? Èmi ni.

Pijó wa ṣì ń rìn. Éésì rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Gáàsì tí ọkọ̀ ìgbà náà ń lò, tí wọ́n ń pè ní R12, ti di ohun tí à ń fi fìtílà wá, nítorí àwọn ìlú òkè òkun ti ṣíwọ́ ṣíṣe é. Wọ́n ní ó ń ba ìbòrí ojú ọ̀run jẹ́, èyí tó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn. R134a ló wà lóde báyìí. Ọkọ̀ àtijọ́ lè lo èyí tuntun náà bí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì inú éésì rẹ̀, àti àwọn rọ́bà tó wà níbi tí páìpù ti so pọ̀, àti fílítà tó ń fa omi kúrò nínú gáàsì, tí a sì fi ẹnu tuntun sí ibi tí a ó ti máa rọ gáàsì wọlé. Ṣọ́ọ̀bù yín kò lè ṣaláìní wọn. Fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi.

Má rò pé mo ń tọrọ. Bí o bá fi ránṣẹ́, inú mi yóò dùn. Bí o kò bá fi ránṣẹ́, màmá rẹ yóò ṣì gun ọkọ̀ tó tutù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jude Adéríbigbé


Birmingham
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 1996

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì ti dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù lórí ìdúró.

Ẹ ní éésì kò ṣiṣẹ́. Kí ló bà á jẹ́? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́jọ́ tí mo rí bẹ́líìtì rẹ̀ nínú àpótí fìlà yín. Ẹ ti sọ fún wa pé éésì ti kú, a sì gbà. À ń ṣí gíláàsì sílẹ̀, èéfín ń wọlé, màmá mi ń fi ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ara wọn láti Súrùlérè títí dé Yaba. Kò sì sí ohun tó ṣe éésì náà. Ẹ̀yin lẹ yọ bẹ́líìtì kó má baà jẹ epo. Lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ilé ìwé tí ẹ ti ń kọ́ni bá ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba, tí ẹ ó sì lọ gbé wọn, bẹ́líìtì a padà sí ipò rẹ̀ láàárọ̀, éésì a sì jí dìde.

Bákan náà ni àwo àlejò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí a kò gbọdọ̀ fi jẹun. Bákan náà ni fáànù pálọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ tàn bí kò bá sí àlejò. Nígbà tí màmá mi kó lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Hilda, gbogbo ìjọ ń bi wọ́n pé kí ni ọkọ wọn ṣe. Ta ni yóò dìde láàárín ìjọ kó sọ pé nítorí fáànù àti àwo lòun ṣe kúrò nílé ọkọ?

Mo mọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ tútù gbé wọn lọ sí Ìdí-Àràbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ wá fi gbé wọn lọ sí Súrùlérè lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́. Mo ti kọ̀wé sí Àǹtí Hilda pé kí wọ́n wá táàsì fún wọn, èmi ni n ó máa san án.

Ẹ fi màmá mi sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Jael


Súrùlérè
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 1996

Jael,

Bí o ṣe kọ lẹ́tà rẹ lórí ìdúró, orí ìdúró ni èmi náà ti kà á.

Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó tiẹ̀ ku ibi tí o kò mọ̀. Màmá rẹ ti mọ̀ nípa bẹ́líìtì náà kí ìwọ tó mọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò bá lọ, bí mo bá ti yọ ọ́ tán, òun ló ń gbé ọṣẹ àti omi wá kí n fi fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan rí. Èmi náà ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí pé ó fara mọ́ ọn.

Gbọ́ èyí náà. Bí kọ́ńpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú éésì, bá pẹ́ láìyí, rọ́bà ìdí rẹ̀ a gbẹ, gáàsì a sì jò lọ tán. Bẹ́ẹ̀ ni éésì wa ṣe kú ní tòótọ́. Irọ́ tí mo pa fún yín ló padà di òtítọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n o kò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ mi dè mí lọ́wọ́ pé kí n má tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Mo rí táàsì tí ò ń sanwó rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé yí sókè, èéfín sì ń gba ihò abẹ́ ìjókòó wọlé. Ṣé ohun tí dókítà sọ nìyẹn?

Mo ti gbé Pijó lọ sọ́dọ̀ Mùktárù, ẹni tó ń tún éésì ọkọ̀ ṣe ní Pápá Àjàó. Ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kàn rọ gáàsì tuntun sí i. Gáàsì ò mọ ọkọ̀ àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun."

"Ọ́ìlì ńkọ́?"

"Ọ́ìlì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ fi dín àkàrà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n a wá ọ́ìlì tó yẹ káàkiri ọjà Ládípọ̀, a ò rí i, ìwọ náà sì ti kọ̀. Mo ní kó rọ gáàsì náà. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, afẹ́fẹ́ tútù ń jáde nínú ọkọ̀ mi. Mo fẹ́ máa wà á káàkiri ládùúgbò ná kó lè dá mi lójú. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, mò ń lọ sí Èbúté Mẹ́ta.

Bàbá rẹ


Súrùlérè
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin, 1996

Jael, ọmọ mi,

Mi ò tíì rí èsì rẹ. Mo tún kọ̀wé kí Hilda má baà ṣáájú mi, nítorí mo mọ bó ṣe máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí inú ọkọ̀ lè tutù dè é. Màmá rẹ jáde, Hilda dúró tì í bí ọlọ́pàá. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e, nǹkan kan han láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Mo sáré pa ẹ́ńjìnnì. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ ti gan.

Hilda ní, "Bọ̀dá Jude, ṣé èyí lẹ fẹ́ fi gbé aláìsàn?"

Màmá rẹ wo ọkọ̀, ó wo mí. Ó ní, "Bàbá Jael, ọkọ̀ yìí ò mọ irọ́ pa bíi yín." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọrí sí Ọ̀yìngbò lọ wọ bọ́ọ̀sì. Táàsì rẹ kò wá lọ́jọ́ náà. Hilda ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́.

Mo jókòó sínú ooru ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ ayé mi ni mo fi fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ìdáhùn láìṣe iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ tutù, mi ò fẹ́ ṣe wàhálà ìtutù.

Má yọ̀ jù. Mi ò tíì jáwọ́. Wọ́n ń ta kọ́ńpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, èmi yóò sì rà á. Kọ̀wé, tàbí má kọ̀wé.

Bàbá rẹ


Birmingham
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 1996

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu ọkọ̀.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá mi jáde wá wò mí. Màmá mi náà kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ọmọdé tí wọ́n já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò bú yín. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Mo bi àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní gáàsì tuntun kì í bá ọ́ìlì àtijọ́ pò. Gáàsì a máa lọ, ọ́ìlì a jókòó sínú páìpù, kọ́ńpírẹ́sọ̀ a sì máa yí ní gbígbẹ títí yóò fi gan. Ẹ̀yin tísà kẹ́mísìrì, ṣé èmi ló yẹ kí n máa sọ èyí fún yín?

Mo ti di ẹrù fún Túbọ̀sún, tó ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀. Ọ́ìlì wà níbẹ̀, rọ́bà wà níbẹ̀, fílítà àti ẹnu tuntun náà wà níbẹ̀. Gáàsì ò ṣeé gbé wọ bàálù, ẹ ra ìyẹn ní Lagos. Ẹ̀yin kọ́ ni mo rò tí mo fi dì í. Mo dì í torí pé táàsì mi ò wá, màmá mi sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣubú lọ́jọ́sí.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣèlérí fún mi. Bẹ́líìtì yẹn ò gbọdọ̀ kúrò nípò rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ fún màmá mi pé kí wọ́n padà sílé. Bí ẹ bá gbà, ẹ ṣí páálí. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ dá a padà fún Túbọ̀sún bó ṣe wà.

Jael


Súrùlérè
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹfà, 1996

Jael,

Mo kí ọ, mo sì dúpẹ́. Túbọ̀sún dé láyọ̀.

Ti bẹ́líìtì, mo gbà. Ti èkejì, mi ò gbà, mo sì ti ṣí páálí. Wá mú mi.

O kò lè jókòó ní Birmingham kí o fi àgádágodo sí mi lẹ́nu ní Súrùlérè. Èmi yóò bi í. Bó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu rẹ. Mo ti fi ìdákẹ́jẹ́ obìnrin yẹn ṣe ìdáhùn fún ara mi jù. Jẹ́ kí n bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, kí òun náà dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí Mùktárù rí ohun tó wà nínú páálí, ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ ti sọ ọkọ̀ yìí di akẹ́kọ̀ọ́ yín."

"Ìwọ náà. Mú kọ́ńpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ yẹn wá."

A da gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ nù, a fọ inú páìpù títí ohun tó ń jáde fi mọ́ kedere. A yọ rọ́bà àtijọ́ kúrò, wọ́n ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. A fi fílítà tuntun sí i, a fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, a wá dúró wò ó bóyá afẹ́fẹ́ yóò tún yọ́ wọlé. Kò wọlé. Nígbà tí Mùktárù rọ gáàsì sí i, èmi ni mo fi kànìnkànìn pa ìfófòó ọṣẹ sí gbogbo ìsopọ̀. Ìfófòó kankan kò wú, gáàsì kò jò. Mo ní kó má rọ ọ́ tó ìwọ̀n ti àtijọ́, torí gáàsì yìí ní agbára ju R12 lọ nínú páìpù. Ó fẹ́ jiyàn, ó wo ojú mi, ó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: R134a NÌKAN NI KÍ Ẹ RỌ SÍ I. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi àtijọ́ pò mọ́ tuntun nínú ọkọ̀ mi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Kò tutù tó ti ìgbà yẹn. Mùktárù ní bẹ́ẹ̀ ló rí, pé ibi tí ọkọ̀ tí wọn ò ṣe fún gáàsì yìí lè tutù dé nìyẹn. Èyí tó tutù jù, àwọn aláyẹ̀wò ni mo fi gbé kiri. Àṣẹ́kù ni màmá rẹ yóò gùn.

Mò ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Bàbá rẹ


Birmingham
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, 1996

Bàbá mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Láti ìgbà tí ẹ ti ní ẹ ń lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Màmá mi ò kọ̀wé. Tẹlifóònù ilé kejì sí ti Àǹtí Hilda ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Mo tẹ Túbọ̀sún láago, ó ní òun ti padà sí London, pé òun ò mọ nǹkan kan.

Bí ọkọ̀ bá tún gan, ẹ sọ fún mi. Bí ẹ bá ti gbé wọn lọ sí Súrùlérè, ẹ sọ fún mi náà, kí n lè mọ bí n ó ṣe bínú. Bó bá jẹ́ pé ara wọn ni, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má fi mí sínú òkùnkùn. Àwọn méjèèjì tí mo ní láyé ló dákẹ́ yìí.

Jael


Nínú ọkọ̀, Ìdí-Àràbà
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 1996

Jael, ọmọ mi,

Dárí jì mí. Àlàáfíà ni. Ojú ló tì mí tí mi ò fi kọ̀wé, wàá sì rí ìdí rẹ̀.

Ní Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ yẹn, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún màmá rẹ. Ó kọjá lára mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ti ẹ̀yìn, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ apá ọ̀tún bí ọ̀gá pátápátá, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Hilda bú sẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo wà á lọ bí awakọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ há ní Ojúẹlẹ́gbà, ọwọ́ mi lọ sí bọ́tìnnì éésì, ó sì pa á. Mo búra fún ọ, Jael, mi ò rán an. Bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn bí ọkọ̀ bá ti dúró, kí epo má baà lọ.

Màmá rẹ ní, "Ta ló ní kí ẹ pa á?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ẹ bá ọwọ́ yín sọ̀rọ̀."

Mo tún un tàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé gáàsì tuntun yìí kì í tutù tó ti àtijọ́. Ó ní, "Èmi ò mọ ti àtijọ́. Àwọn aláyẹ̀wò ni kí ẹ lọ bi." Mo wa ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo dúró níwájú ilé Hilda, mo bi í. "Margaret, ṣé wàá padà sílé?"

Ó ní, "Rárá."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọlé. Mo ti sọ fún ọ pé bó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn, mo ti fi ṣe akọ sí ọ nínú lẹ́tà. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, kò rọrùn tó bí mo ṣe kọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí o kà á, kí o rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. Èmi tí mo ń rojọ́ ìdákẹ́jẹ́.

Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá. Ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Mi ò tún bi í mọ́, mi ò sì ní í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ pé mo bi í. Dókítà ní ara rẹ̀ ń balẹ̀.

A ti dé tipẹ́ lónìí. Wọn ò tíì pè é wọlé, ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru títí wọn ó fi pè é, torí náà ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo ń lọ, mo sì ń kọ̀wé lórí ọwọ́ ọkọ̀. Ó ń nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó fẹ́ gba bírò


Jael, màmá rẹ rèé.

Ẹ̀yin méjèèjì ti fi lẹ́tà jà lé mi lórí láti ọdún tuntun, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan nínú yín, àyàfi bàbá rẹ, lẹ́ẹ̀kan. Mo dá wọn lóhùn. Mo rò pé wọn ò ní wá mọ́ lẹ́yìn èyí. Wọ́n wá.

Mi ò padà sí Súrùlérè. Má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú mọ́. Ní ilé bàbá rẹ, àlejò ló ń jẹ ohun dáadáa. Èmi náà ti di àlejò wàyí, ó sì bá mi lára mu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé kúlà wá, omi tútù wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bu ún fún mi nínú ife àlejò, èyí tó ní òdòdó lára. Mo mu ún, mo ní kí wọ́n bu òmíràn.

Má fi owó táàsì ránṣẹ́ mọ́. Fi súwẹ́tà kan ránṣẹ́, èyí tó nípọn, tó ní bọ́tìnnì níwájú. Otútù ń mú mi nínú ọkọ̀ bàbá rẹ.